Aromọléegun ẹsẹ̀: ẹ mọ irú èyí tó ń bá yín jà kẹ́ ẹ tó ra oògùn

Bí èèyàn bá dúró díẹ̀ nílé ìtajà oògùn kan nítòsí ọjà Ìgbóǹnà ní Òṣogbo, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ọ: "Ẹ bá mi wá oògùn aromọléegun, ẹsẹ̀ ń ro mí." Ìyá àgbà tó ń ta èlùbọ́ lè sọ bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ kọ́rọ́pe ẹni ọdún 45 lè sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin ẹni ọdún 32 tó ń ránṣọ náà lè sọ bẹ́ẹ̀. Oògùn kan náà ni wọ́n sábà máa ń kó lé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé oríkèé ẹsẹ̀ ìyá àgbà ló ti jẹ, kó jẹ́ pé ohun kan bí iyọ̀ ló dì sínú ti awakọ̀, kó sì jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun inú ara aránṣọ ló yíjú padà tí wọ́n ń bá oríkèé rẹ̀ jà. Ohun tó tu ọ̀kan nínú wọn lára lè ba kíndìnrín èkejì jẹ́.

Orúkọ ló dá ìdàrúdàpọ̀ yìí sílẹ̀. A-ro-mọ́-eegun: ohun tó ń ro èèyàn mọ́ inú eegun. Orúkọ náà sọ bí ìnira ọ̀hún ṣe rí lára, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó fà á. Làkúrègbé náà ò sọ ọ́. Irú aromọléegun tí àwọn oníṣègùn ti yà sọ́tọ̀ lé ní 100. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló ń yọ ẹsẹ̀ lẹ́nu jù, àwọn yẹn la ó dúró lé lórí, torí pé bí ẹ bá ti mọ irú èyí tó jẹ́ tiyín, ìpinnu nípa bàtà, oúnjẹ àti oògùn kò ní nira mọ́.

Ohun tó wà nínú ẹsẹ̀

Láti kókósẹ̀ dé ṣóńṣó ọmọ ìka, eegun 26 ló wà nínú ẹsẹ̀ kan, oríkèé 33 ló sì so wọ́n pọ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá jẹ itan adìẹ tán, ẹ wo orí eegun náà dáadáa. Ẹ ó rí ohun kan tó funfun, tó ń dán, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, tí eyín lè gé. Eegun rírọ̀ nìyẹn, irú rẹ̀ ló bo orí eegun kọ̀ọ̀kan nínú oríkèé tiwa. Kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bó bá ti jẹ, kì í hù padà bí awọ ara ṣe ń hù. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan yí oríkèé ká bí àpò, òun ló ń sun omi kan tó ń fà bí funfun ẹyin, omi yẹn ni gíríìsì oríkèé. Bí eegun rírọ̀ náà bá ń jẹ, bí àpò náà bá wú, tàbí bí ohun tí kò yẹ bá wọ inú omi náà, aromọléegun ni gbogbo wa ń pè é.

Ẹrù tí ẹsẹ̀ ń gbé pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Nígbà tí èèyàn bá ń rìn, ohun tó ń já lé kókósẹ̀ lè tó ìlọ́po 4 tàbí 5 ìwúwo ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fi kìlógíráàmù 5 péré dín ìwúwo ara rẹ̀ kù, kókósẹ̀ rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ nǹkan bíi kìlógíráàmù 20 ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Oríkèé tó ń jẹ díẹ̀díẹ̀

Èyí ló wọ́pọ̀ jù lára àwọn tó ti lé ní ẹni 50 ọdún. Ibi mẹ́ta ló fẹ́ràn: ìdí àtàǹpàkò ẹsẹ̀, àárín ẹ̀yìn ẹsẹ̀ níbi tí okùn bàtà máa ń wà, àti kókósẹ̀. Ti kókósẹ̀ kì í sábà ṣàdédé wá. Ẹ bi onítọ̀hún dáadáa, ẹ ó gbọ́ pé ọ̀kadà gbé e ṣubú lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, tàbí pé ẹsẹ̀ náà fọ́ tàbí ó rọ́ léraléra tí kò sì tọ́jú rẹ̀ tán.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dá a mọ̀ rèé: bí èèyàn bá ń lo ẹsẹ̀ ni ó ń dùn ún, bó bá sinmi á rọlẹ̀. Bó bá jí láàárọ̀ ẹsẹ̀ á le, ṣùgbọ́n kó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á ti là. Tó bá jẹ́ ti àtàǹpàkò, kókó líle kan á yọ sórí ìdí rẹ̀, ìka náà kò sì ní fẹ́ ká sókè mọ́. Ẹ jókòó, ẹ fi ọwọ́ di ẹsẹ̀ mú, kẹ́ ẹ rọra gbé àtàǹpàkò sókè síhà ojúgun. Bó bá dúró lójú kan, tàbí tó ń dùn lókè ibi kókó yẹn, ibẹ̀ ló ti jẹ.

Ìyẹn ló fà á tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí fi ń kọ́kọ́ mọ àrùn yìí lára nídìí ìrun. Nígbà ìforíkanlẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ ká, gbogbo ìdí àtàǹpàkò á sì gba ẹrù. Ẹni tí ìkúnlẹ̀ kí àgbà bá ń ro lẹ́sẹ̀ ju orúnkún lọ, ohun kan náà ló ń ṣe é. Kò sí èrè kankan nínú fífi ipá ká oríkèé tó ti jẹ. Ẹ tẹ́ nǹkan tó nípọn sábẹ́ ẹsẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ nà sílẹ̀ dípò kí ìka ká, tàbí kẹ́ ẹ lo àga. Ẹ̀sìn fún ẹni tí ara rẹ̀ kò dá láyè láti jókòó kírun.

Òṣogbo ìlú aró ni wá, a sì mọ àwọn tó ń dúró láti àárọ̀ dọ́sàn-án lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì nídìí aró adìrẹ. Ìdúró lójú kan lórí ilẹ̀ líle máa ń mú kí ẹsẹ̀ tó ti jẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í ro. Ègé rọ́bà tàbí fóòmù líle lábẹ́ ẹsẹ̀, àti àpótí kékeré kan tí èèyàn á máa gbé ẹsẹ̀ kan lé ní pààrọ̀, máa ń dín in kù gan-an.

Èyí tó ń jí èèyàn lóru

Gout ni àwọn dókítà ń pe èyí. Èèyàn á sùn ní àlàáfíà. Ní nǹkan bí aago méjì òru, ìdí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí iná. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, á ti wú, awọ rẹ̀ á máa dán, á gbóná. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ó lè má pọ́n lójú, ibẹ̀ kàn lè dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ ni. Aṣọ ìbora tó bá kàn án, ariwo ni. Ó tún lè mú kókósẹ̀ tàbí àárín ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí àtàǹpàkò ló sábà ń kọ́kọ́ mú.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ara wa ń ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní uric acid nígbà tó bá ń tú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó àti oúnjẹ kan palẹ̀. Kíndìnrín ló ń da èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sínú ìtọ̀. Bí kíndìnrín kò bá dà á nù tó, á máa ga nínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá ti kọjá 6.8 mg/dL, kò lè yọ́ mọ́, á dì bí iyọ̀ ṣe ń dì sí ẹnu ìkòkò. Ibi tó tutù jù lára ló sì ti ń tètè dì, ẹsẹ̀ nìyẹn. Bí abẹ́rẹ́ ni ohun tó dì yìí ṣe rí lábẹ́ ẹ̀rọ amú-nǹkan-tóbi.

Ohun kan wà nípa gout tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà gan-an. Bí a kò tilẹ̀ tọ́jú rẹ̀, á lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ohunkóhun tí onítọ̀hún bá mu lọ́sẹ̀ yẹn ló máa gba ọpẹ́: àgbo, abẹ́rẹ́, àdí tí wọ́n fi pa á. Á gbà pé òun ti rí oògùn. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà á tún dé, á sì máa sún mọ́ra sí i, títí tí kókó líle á fi máa yọ lẹ́sẹ̀, létí àti nígbọ̀nwọ́, tí eegun á sì máa jẹ nísàlẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé àrùn olówó tó ń jẹran ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹran wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, pàápàá ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Edé àti àwọn ẹja kan náà wà níbẹ̀. Bíà ló burú jù nínú ọtí. Mínírà aládùn náà ń gbé uric acid ga. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe bí èèyàn àti bí kíndìnrín rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ló tẹ̀wọ̀n jù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀, irú èyí tó ní hydrochlorothiazide nínú, máa ń dá a sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín o, torí ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò ní ìtọ́jú lè pa èèyàn. Ẹ kàn sọ fún dókítà pé ẹsẹ̀ yín ń wú lóru, kó bá yín wo òmíràn.

Ẹ̀wà ńkọ́? Àìmọye aláìsàn ni wọ́n ti ní kó má jẹ ẹ̀wà mọ́. Ìwádìí kò fi hàn pé ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tàbí ẹ̀pà ń fa gout bí ẹran àti bíà ṣe ń fà á, bí wọ́n tilẹ̀ ní ohun tó ń di uric acid nínú. Ẹni tó bá fi ẹ̀wà sílẹ̀ tó wá ń fi ṣàkì àti ẹ̀dọ̀ dí i ti ṣe ara rẹ̀ ní ibi. Omi ṣe pàtàkì: ọ̀rá omi (pure water) oní-50cl 4 sí 5 lóòjọ́, ó kéré tán, àfi ẹni tí dókítà ti ní kó dín omi kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín.

Àgbo tí wọ́n rẹ sínú ògógóró yẹ ká sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ níbí. Ọtí líle máa ń mú kí uric acid gòkè. Ẹni tó bá ń mu ife ògógóró kan láàárọ̀ nítorí aromọléegun, tí àrùn rẹ̀ sì jẹ́ gout, ohun tó ń dá ìjà náà sílẹ̀ gan-an ló ń mu.

Ìtọ́jú rẹ̀ pín sí méjì, a kò sì gbọ́dọ̀ dà wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni oògùn tó ń pa iná tó ń jó lọ́wọ́: colchicine, tàbí àwọn bíi naproxen, tàbí sítẹ́rọ́ìdì fún ọjọ́ díẹ̀, dókítà ló máa yan èyí tó bá kíndìnrín àti inú onítọ̀hún mu. Èkejì ni oògùn tó ń rẹ uric acid sílẹ̀ títí lọ, allopurinol ló wọ́pọ̀ jù. Wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti 100 mg lóòjọ́ tàbí kó kéré sí i, wọ́n á máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ bíi mẹ́rin-mẹ́rin títí uric acid á fi wálẹ̀ ju 6 mg/dL lọ. Ní oṣù bíi mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ tún lè wú, torí àwọn ohun tó ti dì ń yọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jù ú nù pé kò ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ti ń lò ó kò gbọ́dọ̀ dá a dúró nítorí pé ẹsẹ̀ wú. Ohun kan ṣoṣo tó gbọ́dọ̀ mú kó dá a dúró lójú ẹsẹ̀ kó sì sáré lọ sílé ìwòsàn ni kí ara bẹ̀rẹ̀ sí í sú tàbí kí ẹnu bó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ ń jó, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí èsì bá sọ pé uric acid yín kò ga. Ó lè rẹlẹ̀ nígbà ìjà náà. Ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 tí ẹsẹ̀ bá ti fúyẹ́.

Nígbà tí ara bá ń bá ara rẹ̀ jà

Àwọn ọmọ ogun inú ara, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti pa kòkòrò àrùn, lè ṣi àpò oríkèé gbà fún ọ̀tá. Rheumatoid arthritis ni orúkọ rẹ̀ nílé ìwòsàn. Obìnrin ló ń mú jù, ìlọ́po 2 sí 3 ti ọkùnrin, ó sì lè mú ọ̀dọ́. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló sábà ń mú pa pọ̀, níbi ìdí àwọn ọmọ ìka, á sì mú ọwọ́ náà. Ìyàtọ̀ tó hàn jù ni òwúrọ̀: ara tó le kò ní là ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó lè tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn á sọ pé ó dà bíi pé àwọn ń rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan fún iwájú ẹsẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì níbi tó fẹ̀ jù, tó sì dùn gan-an, ẹ má ṣe dúró títí oṣù mẹ́fà. Àrùn yìí ń ba eegun jẹ́ láti ọdún àkọ́kọ́, ẹni tó bá sì tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn lè máà ní ìka tó wọ́ rárá.

Methotrexate ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú folic acid. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lo methotrexate fún aromọléegun. Ẹ̀ẹ̀kan LỌ́SẸ̀. Àwọn kan tó ṣèèṣì ń lò ó lójoojúmọ́ ti kú, torí pé ó ń pa agbára tí mùdùnmúdùn eegun fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ yan ọjọ́ kan, ẹ kọ ọ́ sára páálí oògùn náà pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, ẹ sì sọ fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé. Obìnrin tó bá fẹ́ lóyún kò gbọ́dọ̀ lò ó.

Èyí tí kì í ṣe aromọléegun

Bí gìgísẹ̀ bá ń dun èèyàn bí ìgbà tí wọ́n gún un ní ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ tó gbé kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, tó sì fúyẹ́ lẹ́yìn tó ti rìn díẹ̀, iṣan gbọọrọ tó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ ló fẹ́ràn láti ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe oríkèé. Bí ẹsẹ̀ bá ń jó bí ata, tó ń ṣe bíi pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀, tàbí tó kú tí kò mọ ìgbà tí bàtà bọ́, ẹ lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò. Àtọ̀gbẹ ló sábà ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́ bẹ́ẹ̀. Oògùn aromọléegun kò lè tọ́ méjèèjì sọ́nà.

Bàtà

Bàtà ló ń ṣe ẹsẹ̀ lóore jù, tàbí níbi jù, nínú gbogbo ohun tí a ń ná owó lé lórí. Ẹ gbé ẹsẹ̀ lé pépà, ẹ dúró lórí rẹ̀, kí ẹnì kan fi bírò fa ìlà yí i ká. Ẹ wá gbé bàtà tẹ́ ẹ ń wọ̀ jù lé orí àwòrán náà. Bí ìlà náà bá yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bàtà yẹn ń fún ẹsẹ̀ yín pa.

Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ ra bàtà, torí ẹsẹ̀ ti wú dé ibi tó máa wú dé lọ́jọ́ náà. Ẹ wọ méjèèjì, ẹ dìde dúró: ó yẹ kí àlàfo tó tó fífẹ̀ àtàǹpàkò ọwọ́ ṣẹ́kù níwájú ìka tó gùn jù. Ẹ fún bàtà náà bí ẹní ń fún aṣọ tutù; bó bá lọ́ pọ̀ bí àkísà, ẹ dá a padà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ láti iwájú: ibi ìdí ìka ló yẹ kó ti ká, kì í ṣe àárín. Ẹni tí ìdí àtàǹpàkò rẹ̀ ti jẹ gan-an tilẹ̀ nílò èyí tí abẹ́ rẹ̀ le tí kò fẹ́ ká rárá. Gìgísẹ̀ bàtà kò gbọ́dọ̀ ga ju ìwọ̀n 3 sí 4 sẹ̀ǹtímítà lọ. Sílípáàsì rọ́bà pẹlẹbẹ tí a fi ń rìn káàkiri ilé dára fún balùwẹ̀, kò dára fún ìrìn láti Òkè-Fìà dé Ọjà Ọba.

Bàtà tòkunbọ̀ lè lágbára ju tuntun lọ, ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ kan inú rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ bá ti gbẹ́ ibùsùn sínú rẹ̀, ibùsùn yẹn kì í ṣe tiyín. Ẹ lè ní kí ṣúmékà fi abẹ́ rọ́bà líle kan sí i, tí iwájú rẹ̀ ká sókè díẹ̀ bí ẹsẹ̀ àga onífì, kí bàtà lè máa yí síwájú láìjẹ́ pé ìka ká. Iṣẹ́ tí ṣúmékà tó mọṣẹ́ lè ṣe lọ́jọ́ kan ni, ìrora ìdí àtàǹpàkò sì lè dín kù gan-an nítorí rẹ̀.

Ohun tí a lè ṣe nílé

Bí oríkèé bá wú tó gbóná, tútù ló fẹ́. Ẹ mú ọ̀rá omi tó ti dì, ẹ fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ wé e, ẹ gbé e lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kẹ́ ẹ sì fún ibẹ̀ ní ìsinmi wákàtí méjì kẹ́ ẹ tó tún un ṣe. Bó bá kàn le ni, tí kò gbóná, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 15 láàárọ̀ dára jù. Ìgbọ̀nwọ́ ni kẹ́ ẹ fi tọ́ omi wò. Alátọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ sínú omi gbígbóná, torí ẹsẹ̀ tó ti kú lè bó kó máà mọ̀.

Ìdárayá: ẹ dojú kọ ògiri, ẹsẹ̀ kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kẹ́ ẹ jẹ́ kí gìgísẹ̀ ti ẹ̀yìn lẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ rọ̀gbọ̀kú síwájú fún 30 ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ẹ di àga mú, ẹ gbé gìgísẹ̀ méjèèjì sókè kẹ́ ẹ rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ tẹ́ táwẹ́lì sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi ọmọ ìka fà á mọ́ra. Bí ara bá ń ro yín díẹ̀ nígbà ìdárayá, kò burú; bó bá ṣì ń ro yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ dín in kù. Nígbà tí gout bá ń jó lọ́wọ́, ẹ sinmi.

Róòbù tàbí àbóníkí kì í wo oríkèé, ó kàn ń gbé ooru sórí awọ tí ọkàn èèyàn á fi kúrò lórí ìrora. Kò burú, àfi kẹ́ ẹ má fi kan egbò, kẹ́ ẹ má sì fi omi gbígbóná jó o lẹ́yìn rẹ̀. Wọn kò gbọ́dọ̀ sín gbẹ́rẹ́ sí ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ láéláé, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ wọ́ oríkèé tó gbóná.

Oògùn tí a ń rà fúnra wa

Parasẹtamọ́ọ̀lù: wóró 2 ti 500 mg, ní wákàtí 6 sí 8 síra wọn, kò gbọ́dọ̀ ju wóró 8 lọ láàárín wákàtí 24. Ẹ wo ara páálí oògùn òtútù tẹ́ ẹ ń lò pẹ̀lú, ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ bó bá pọ̀ jù.

Ìbúpúrófénì, diclofenac, piroxicam, naproxen: orúkọ wọn ló yàtọ̀, ilé kan náà ni wọ́n ti wá. Ẹni tó bá mu méjì nínú wọn pọ̀ kò rí ìwòsàn méjì, ewu rẹ̀ ló di ìlọ́po. Ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru, kíndìnrín tó bàjẹ́, èyí ni ewu náà. Ìbúpúrófénì 400 mg lẹ́yìn oúnjẹ, títí dé ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, fún ọjọ́ díẹ̀, kò burú fún ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín tàbí ti ọkàn, tàbí aboyún kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láìbá dókítà sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi lisinopril pẹ̀lú oògùn tó ń mú ni tọ̀, tó wá fi ìbúpúrófénì kún un, ti gbé ohun mẹ́ta lé kíndìnrín lórí pọ̀, ó sì lè dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró láàárín ọjọ́ mélòó kan. Gẹ́ẹ̀lì diclofenac tí a ń fi pa ibi tó ń dùn, gíráàmù 2 sí 4, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ara, ó sì dára fún ẹsẹ̀ torí oríkèé rẹ̀ sún mọ́ awọ.

Èyí tó ń bà wá lẹ́rù jù ni àpòpọ̀ oògùn inú ọ̀rá kékeré tí kò ní orúkọ. Èèyàn á mu ún, lọ́jọ́ kejì á máa fò. Prednisolone tàbí dexamethasone ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, sítẹ́rọ́ìdì ni wọ́n. Bó bá pẹ́, ojú á kún yíbí, ṣúgà á gòkè, eegun á rọ. Ẹni tó bá ti ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kò gbọ́dọ̀ já a lójijì, torí ara rẹ̀ ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe tirẹ̀, ó lè dá kú. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Oògùn tí kò ní orúkọ àti nọ́ńbà NAFDAC lára, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbà tí kò yẹ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú sí yín nílé

Oríkèé tó wú tó gbóná pẹ̀lú ibà tàbí òtútù gbígbọ̀n lè jẹ́ pé kòkòrò àrùn ló wọ inú rẹ̀. Ó lè ba oríkèé jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì lè pa èèyàn. Ọmọdé tó dédé kọ̀ láti tẹ ẹsẹ̀ kan mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ẹ má ṣe pè é ní aromọléegun lásán. Alátọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tó sì gbóná, bí kò tilẹ̀ dùn ún, kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ mọ́ títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò, torí eegun rẹ̀ lè máa wó nínú láìjẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ṣubú tí kò lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin nílò X-ray kí ẹnikẹ́ni tó bá a to eegun.

Fún èyí tí kò yára tó bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Asùbíaró tàbí UNIOSUN Teaching Hospital. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ ya X-ray ẹsẹ̀, ẹ bèèrè bóyá wọ́n lè yà á lórí ìdúró, torí ìgbà tí ìwúwo ara bá wà lórí rẹ̀ ni àlàfo tó ti tán nínú oríkèé ń hàn. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn tẹ́ ẹ ń lò dání, àti ìgò àgbo náà, láìtijú. Kí ẹ sì wọ bàtà tẹ́ ẹ ń wọ̀ lójoojúmọ́ lọ, kì í ṣe ti òde àríyá: dókítà á yí abẹ́ rẹ̀ sókè, á sì rí ibi tí ẹsẹ̀ yín ń sá fún ní ibi tí rọ́bà náà ti jẹ.